Báàṣì Tiwa, Mẹ́ta

Òjò ọdún tó kọjá ló fa gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni Sàfúrátù ń gbé kiri abúlé. Orí tírélà kékeré onítáyà méjì ni ẹ̀rọ yẹn wà. Wọ́n á so tírélà mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù, Kọ́lápọ̀ á wa píkọ́ọ̀pù, Sàfúrátù á jókòó síwájú. Ọkọ ẹ̀, Ràmọ́nù, tó ń pè ní Bàbá Ameenat, ló fowó ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Àbíjàn. Ọkọ wà ní Àbíjàn, ẹ̀rọ wà ní Èjìgbò. Nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ ni Sàfúrátù ń rí lójoojúmọ́.

Àfi bí òjò ṣe ká wọn mọ́ ọ̀nà ìlú Ara lọ́dún tó kọjá. Omi wọ ẹ́ńjìnnì. Àwọn ìyá Ara sì ti bó ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ́ńjìnnì ò dún lọ́jọ́ yẹn, kò dún lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gẹ́ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ìyá yẹn ò bú Sàfúrátù o. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wò ó. Ì bá sàn kí wọ́n bú u.

Kí Sàfúrátù tó délé, Ràmọ́nù ti gbọ́ ọ ní Àbíjàn. Ó ní tí òjò bá fi lè kan ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, Bàbá Qàwíyyàt, ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Isundunrin, ló máa gbà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Sàfúrátù dé eegun. Ẹ̀rọ yẹn ló fi ń jẹun, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Ìyá Ẹ̀rọ láti Èjìgbò dé Ara. Tí wọ́n bá gbà á, ó di ìyàwó Ràmọ́nù lásán nìyẹn.

Nígbà tí òjò ọdún yìí wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ràmọ́nù fi fóìsì ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Mọ́tò ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹ̀, àwọn kan ń jà níbẹ̀, ẹnì kan ń polówó omi. Ohun tí Sàfúrátù gbọ́ nìyí:

"Sáfú, báàṣì tírélà yẹn, tiwa, mẹ́ta ni kí wọ́n rán o. Mẹ́ta! Kò gbọdọ̀ dín! Ẹ̀gbọ́n mi á wá wò ó ní Jímọ̀. Bọ̀n."

Báàṣì, tàpólì nípọnnípọn tí wọ́n fi ń bo ẹrù ẹ̀yìn mọ́tò ni. Ẹni tó bá ti ní èèyàn ní Àbíjàn kì í pè é ní tàpólì mọ́. Bọ̀n, "ó dáa" ni, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún.

Sàfúrátù gbé fóònù, ó di ṣọ́ọ̀bù Nímọ́tà. Nímọ́tà ló ń rán aṣọ kánópì, máṣíìnì ẹ̀ lè rán awọ màlúù. Wọ́n gbọ́ fóìsì yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Ó ní tiwa, mẹ́ta," Nímọ́tà ní.

"Mẹ́ta, fún tírélà kan?"

"Ìwọ náà ò gbọ́ ni? Ó tún un sọ. Ó ní kò gbọdọ̀ dín."

"Kí ló fẹ́ fi mẹ́ta ṣe?"

Nímọ́tà ronú. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta ní Kútọnu rí, látìgbà yẹn ló ti di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń bi léèrè ọ̀rọ̀ Faransé. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn," ó ní. "Ìwọ tó o bá ń jáde, ṣé o kì í wọ ṣìmí sábẹ́ ni? Ọ̀kan á jẹ́ ṣìmí, ọ̀kan á jẹ́ búláòsì, ọ̀kan á jẹ́ ìborùn."

"Ẹ́ńjìnnì?"

"Òtútù ò mọ ẹ́ńjìnnì."

Sàfúrátù ì bá pe Ràmọ́nù kó bi í. Ó gbé fóònù, ó tún gbé e kalẹ̀. Ràmọ́nù á ní ṣebí òun ṣàlàyé, tí ọ̀rọ̀ báàṣì ò bá yé e, kí ló máa yé e nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ? Kò pè é.

Lọ́jọ́ kejì Nímọ́tà wá gba ìwọ̀n. Sàfúrátù di ìdí téèpù mú, Nímọ́tà fa orí ẹ̀. Ó wọn gígùn, ó wọn àyà, ó wọn ìbàdí. Ó béèrè pé ọrùn dà. Sàlẹ́ńsà tó yọ sókè bí páìpù ni wọ́n fi ṣe ọrùn. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé tó ń kọ tàwọn oníbàárà ẹ̀ sí.

"Ṣé kí n fi ààyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá sanra?"

"Nímọ́tà, irin ni."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Dúdú ni ti àkọ́kọ́, ó nípọn. Búlúù ni ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, báàṣì ti tán lọ́jà, aṣọ kánópì àtijọ́ ni Nímọ́tà fi rán an, funfun àti yẹ́lò, etí ẹ̀ sì ṣe wájawàja. Ó ní kò sí nǹkan tó burú nínú kí ìta dáa.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wọ aṣọ fún tírélà. Ọrùn báàṣì àkọ́kọ́ bọ́ síbi ọrùn. Ti ìkejì bọ́ sí èjìká. Ti ìkẹta wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò fi ọrùn sí rí, Nímọ́tà ní sítáì ni. Wọ́n fi abẹ là á, wọ́n tún un rán lórí ìdúró. Òógùn bo Kọ́lápọ̀.

"Ìyá Ẹ̀rọ," Kọ́lápọ̀ ní, "ìyàwó mi gan-an kì í pẹ́ tó báyìí kó tó múra."

"Ìyàwó ẹ ò lè lọ ẹ̀gẹ́. Fa okùn yẹn."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Qàwíyyàt dé. Bíríkìlà ni, píkọ́ọ̀pù tiẹ̀ ló gbé wá, ó sì ti so ṣéènì àti húùkù mọ́ ìdí ẹ̀. Sàfúrátù rí húùkù yẹn kó tó rí ojú bàbá. Ó kúnlẹ̀, Nímọ́tà dúró lẹ́yìn ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ọ̀nà."

"Ọ̀nà ò gbóná." Bàbá wo tírélà, ó yí i ká. "Kí lo wọ̀ fún un báyìí?"

"Báàṣì ni, sà. Mẹ́ta, bí Bàbá Ameenat ṣe wí."

Bàbá ṣí yẹ́lò, ó bá búlúù. Ó ṣí búlúù, ó bá dúdú. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìkẹrin. Ó wá pe Àbíjàn, ó fi fóònù sí sípíkà.

"Ràmọ́nù, ìwọ lo ní kí wọ́n rán báàṣì mẹ́ta fún tírélà kan?"

"Mẹ́ta kẹ̀? Ta ló ní mẹ́ta? Tùwá mẹ̀tà ni mo wí! Tùwá mẹ̀tà! Mítà mẹ́ta, lédè Faransé! Gígùn ẹ̀ ni!"

Sàfúrátù wo Nímọ́tà. Nímọ́tà ń wo òkè.

"Ti Kútọnu yàtọ̀ díẹ̀," Nímọ́tà ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e lọ, ẹ jọ̀ọ́," Ràmọ́nù ní. "Ẹni tí mo ní kó rán mítà mẹ́ta, aṣọ mẹ́ta ló rán. Ẹ gbé e lọ."

Bàbá Qàwíyyàt kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ṣáà ti gbálẹ̀ ibi tó máa gbé ẹ̀rọ sí. Ó na ọwọ́ sí ṣéènì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Sàfúrátù ní. Kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Kẹ́ ẹ tó so ó, ẹ bá mi wọn tírélà yẹn. Kí Bàbá Ameenat máa gbọ́."

Bíríkìlà kì í rìn láìmú téèpù. Bàbá fa téèpù láti iwájú tírélà dé ìdí ẹ̀. Ó wò ó, ó yọ gíláàsì ẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Mítà mẹ́rin, ó ku díẹ̀."

"Mítà mẹ́ta parí síbo, sà?"

Bàbá fi ìka sí i. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn ìka yẹn, gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Irọ́ ni," Ràmọ́nù ní nínú fóònù. "Mítà mẹ́ta ni tírélà yẹn. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n."

"Òótọ́ lẹ wọ̀n ọ́n, Bàbá Ameenat. Kẹ́ ẹ tó ní kí wẹ́dà fi irin kún ìdí ẹ̀ ni, kí ẹ́ńjìnnì lè ríbi jókòó." Ohùn Sàfúrátù ò lọ sókè rárá. "Tá a bá rán mítà mẹ́ta yín, ẹ́ńjìnnì wà níta nìyẹn. Àwa wọn tírélà. A ò wọn fóìsì."

Mọ́tò fọn fèrè ní Àbíjàn. Òmíràn dá a lóhùn.

"Bọ̀n," Ràmọ́nù ní. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀." Ó sì pa fóònù.

Bàbá Qàwíyyàt ká ṣéènì ẹ̀. Ó ká a dáadáa, kò yára. Ó tún wo tírélà.

"Síbẹ̀síbẹ̀, mẹ́ta pọ̀ jù."

"Ó pọ̀, sà."

"Ẹ bá mi bọ́ búlúù yẹn. Mo ní sìmẹ́ǹtì kan nílé tí mo fẹ́ bò."

"Ọrùn wà lára ẹ̀, sà."

Bàbá rò ó wò. Ó wọ píkọ́ọ̀pù ẹ̀, ó lọ.

Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá Isundunrin. Sàfúrátù dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún ẹ̀ nù, ó ní kí Kọ́lápọ̀ fi ẹ̀yìn mọ́tò bọ̀ wá so tírélà, iṣẹ́ wà. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni fóònù ẹ̀ dún. Fóìsì látọ̀dọ̀ Ràmọ́nù, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko.

"Ẹ ò ní gbọ́ ọ?" Kọ́lápọ̀ bi í.

"Tá a bá ṣiṣẹ́ tán," Sàfúrátù ní, ó ti fóònù bọ àpò. "Máa wa mọ́tò ẹ."