Ọwọ́ Méjì fún Géètì

Láti ìgbà tí ọkọ Ìyá Abdulmuiz ti kú, tí Abdulmuiz fúnra rẹ̀ sì ti kó lọ sí Àbújá, géètì kékeré tó wà ní òpin àdúgbò wọn ní Adéwọlé nìkan ló kù tó ń mú èèyàn wá bá a. Ilé rẹ̀ ló kángun sí i. Láràárọ̀ ni yóò gbé àga jáde, àwọn tó ń gba ibẹ̀ lọ wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá á sì máa béèrè àlàáfíà rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀. Ó máa ń kà wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọn kò bá pé ogójì, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀.

Nígbà tí olè jí ọ̀kadà mẹ́ta láàárín oṣù kan, ẹgbẹ́ onílé pe àwọn aṣojú òpópónà kọ̀ọ̀kan jọ, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wẹ́dà fi irin jó géètì náà pọ̀, kó má ṣeé ṣí mọ́. Dúrótìmí, olùkọ́ tó ń gbé ilé kejì, ni aṣojú tiwọn. Ìyá Abdulmuiz wà lára àwọn tó yàn án. Nígbà tó gbọ́ pé Dúrótìmí bá wọn fọwọ́ sí i, ó dùn ún dọ́kàn. Kò dá ìkíni rẹ̀ lóhùn mọ́. Bó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ògiri ló ń kọjú sí.

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó di ilé alága ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù. Ó ní òun kò fẹ́ aṣojú mọ́, ẹnu ẹni la fi ń kọ mé è jẹ. Kí wọ́n pe gbogbo ilé, kí oníkálukú na ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dá a lójú pé àwọn tó ń kí òun tó bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí géètì òun lọ. Alága rojú, ó gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé, àgbàlá alága kún. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ kí géètì di títì na ọwọ́. Akọ̀wé ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá Abdulmuiz ń wo ojú kọ̀ọ̀kan, ó ń wá àwọn ẹni ogójì rẹ̀. Ìgbà náà ló yé e. Òdìkejì géètì ni ilé àwọn ogójì náà wà. Wọn kì í ṣe ara ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n.

Àwọn tí kò fẹ́ ńkọ́? Ó na ọwọ́ tirẹ̀. Ojú ń tì í, àmọ́ kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Akọ̀wé ní, “Méjì.”

Ó rò pé akọ̀wé ṣì í kà ni. Ó yíjú padà, ó rí Dúrótìmí tó na ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Alága bi Dúrótìmí pé ṣé kì í ṣe òun náà ló fọwọ́ sí i níjọ́sí.

“Ẹnu àdúgbò ni mo gbé lọ níjọ́sí, sà. Mo béèrè kiri, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé sọ ni mo sọ. Tòní, ọwọ́ ara mi ni.”

Ìyá Abdulmuiz rántí pé Dúrótìmí béèrè lọ́wọ́ òun náà. Òun ló rò pé ohùn tòun nìkan ni yóò gbé lọ. Alága, tó máa ń ṣe bíi gómìnà, ní ìjọba àwa-ara-wa kì í jù báyìí lọ, ó sì tú ìpàdé ká.

Wẹ́dà dé lọ́jọ́ Ajé. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Abdulmuiz gbé àga rẹ̀ jáde bí ìṣe rẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń gba ẹ̀yìn ògiri kọjá, kò rí ojú wọn. Nígbà tó ṣe, Dúrótìmí yọ pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé lápá. Ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ ti wá gba apá kejì àdúgbò, síbẹ̀ ó rìn wá sí ibi tí ọ̀nà ti dí.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá.”

Ìyá Abdulmuiz kò kọjú sí ògiri. Ó dá a lóhùn, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè iṣẹ́, nítorí kò mọ̀ bóyá ẹlòmíràn tún ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.