Sódà Inú Síǹkì

Láti àárọ̀ ni omi ti dúró sínú síǹkì balùwẹ̀ tí kò lọ, Màmá sì ti wò ó títí ojú fi ń ro ó. Omi náà mọ́ kedere. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé omi lásán ni, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Màmá mọ̀, torí òun gan-an ló da sódà sí i.

Ẹ má tíì bú u. Obìnrin tó ṣe ọṣẹ tà láti ìgbà èwe títí orí fi funfun kò lè rí àjẹkù ọṣẹ nílẹ̀ kó gbójú kúrò. Nínú ilé ọmọ rẹ̀ yìí, bí ọṣẹ bá ti fẹ́lẹ́, ìyàwó á jù ú sínú ìdọ̀tí, Màmá á sì lọ ṣà á. Ó ń kó wọn jọ sínú ike kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tí ike kún, ó bu omi gbígbóná lé wọn lórí, ó rò wọ́n títí wọ́n fi yọ́, kó lè dà wọ́n sínú agolo kí wọ́n di ọṣẹ tuntun. Orí síǹkì ló ti ń dà á tí ọwọ́ fi gbọ̀n. Ìdajì ọṣẹ yíyọ́ gba ojú ihò wọlé, ó sì dì sínú páìpù pátápátá.

Bí àtúnṣe ṣe di àtúnbàjẹ́ nìyẹn. Màmá ní sódà díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú àpò rẹ̀, sódà gidi tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, èyí tí í bó ọwọ́ èèyàn. Ó dà á sínú síǹkì, ó ní yóò jẹ ohun tó dí i. Sódà ò jẹ nǹkan kan. Ó bá ọ̀rá tó ti wà nínú páìpù tẹ́lẹ̀ pàdé, àwọn méjèèjì tún di ọṣẹ lé ọṣẹ. Ọlọ́ṣẹ ló yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju gbogbo ayé lọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn rántí iṣẹ́ tó mọ̀.

Bó bá jẹ́ ilé mìíràn ni, á ké sí wọn kí wọ́n wá wò ó. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó jó ìkòkò. Lẹ́yìn ìkòkò, ó fi omi gbígbóná fọ aṣọ òtútù ìyàwó, aṣọ náà súnkì títí ó fi tó ọmọ-ọwọ́ wọ̀. Ọmọ rẹ̀ ò pariwo lọ́jọ́ náà. Igbákejì ọ̀gá iléèwé ni, kì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń lé ọmọ jáde ní kíláàsì ló fi sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí nǹkan mìíràn bá tún bàjẹ́ nínú ilé yìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ni yóò padà sí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà ni Màmá sì ti wá. Orí àga pálọ̀ ló ń sùn níbẹ̀, wọ́n á sì máa rìn kọjá níwájú rẹ̀ láìkí i, bí ẹni pé àpótí ni. Lójú Màmá, ikú yá ju kí òun padà síbẹ̀ lọ.

Ó ti ń wá ife tí yóò fi gbọ́n omi náà dànù nígbà tó gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ ti tètè dé. Ó kí i, ó bọ́ bàtà, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó sì forí lé balùwẹ̀.

"Dúdú!" Orúkọ ìgbà kékeré rẹ̀ ló bọ́ lẹ́nu Màmá. "Ilé ìdáná ni kó o ti fọwọ́ ẹ."

Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi náà. "Kí ló ṣe síǹkì?"

"Ó dí."

"Ta ló dí i?"

"Bí mo ṣe bá a nìyẹn," ni Màmá wí, irọ́ náà sì korò lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ náà wò ó. Ó jáde, ó padà wá pẹ̀lú sípánà àti abọ́ alumíníọ̀mù kan tó ń dán. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó gbé abọ́ sábẹ́ páìpù, níbi tó ti tẹ̀ kọdọrọ tó tún gòkè padà, ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí táìlì ilẹ̀, ó sì ti orí bọ abẹ́ síǹkì. Ojú rẹ̀ wá wà lábẹ́ páìpù náà gan-an, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń dúró de oníṣègùn eyín.

Màmá di férémù ilẹ̀kùn mú. Ẹni tí ó bí nìyẹn, ojú méjèèjì tó máa ń wo òun bí òun bá ń fún un lọ́mú nìyẹn, omi tó lè fọ́ wọn sì wà lókè orí rẹ̀. Kó la ẹnu báyìí, kó sọ ọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹnu wúwo. Bó bá sọ ọ́, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Bí kò bá sì sọ ọ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Ṣé ká kúkú pe oníṣẹ́ páìpù?" ló ní.

"Nítorí nọ́ọ̀tì páìpù méjì?"

"Nígbà náà, fi gíláàsì ẹ sójú."

"Màmá, gíláàsì tí mo fi ń kàwé ni." Sípánà há mọ́ nọ́ọ̀tì, ó fà á, kò mì.

"Omi tó bá pẹ́ nínú páìpù," ni Màmá tún wí, "ó máa ń le. Ó lè ta èèyàn lára."

"Màmá." Ó pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, bó ṣe ń pe ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń kàwé. "Ẹ lọ jókòó."

Ẹ gbọ́ ohun tójú rí o: Màmá lọ jókòó. Arúgbó tó ti bá oníbàárà jà lójú ọjà, tó ti lé olè lóru pẹ̀lú ọmọrí odó, ó yí padà, ó lọ jókòó ní pálọ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Ó ń gbọ́ sípánà láti ibẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ tí nọ́ọ̀tì ké, tó dẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ẹ̀kán omi kan bọ́ sínú abọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ohun tó tẹ̀ lé ìyẹn kì í ṣe ìró omi. Abọ́ náà ló ń hó ṣìì, bí ẹni da omi sórí irin gbígbóná.

Kò sí ọlọ́ṣẹ tí kò mọ ìró yẹn. Sódà kì í rẹ́ pẹ̀lú alumíníọ̀mù. Ó ń jẹ ẹ́ ni.

"Kí ló ń hó báyìí?" ni ọmọ rẹ̀ ń bi ara rẹ̀ lábẹ́ síǹkì, ó sì ń yíjú sí abọ́ náà kó lè rí i, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára nọ́ọ̀tì.

Màmá ò rántí pé orúnkún ń dun òun. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà ní balùwẹ̀, ó ti di ọrùn ẹsẹ̀ ọkùnrin tó ga jù ú lọ mú, ó sì wọ́ ọ bí ẹni wọ́ àpò ìrẹsì. Táìlì yọ̀, Ọlọ́run ṣeun. Ọmọ náà kígbe, ó forí gbá ẹsẹ̀ síǹkì, sípánà fò, páìpù náà sì já bọ́. Gbogbo omi tó ti dúró látàárọ̀ dà wìì sórí ibi tí ojú rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, ó dà sínú abọ́, abọ́ náà ru fòfò, ó dúdú, èéfín ń jáde lára rẹ̀.

Ẹ̀kán kan ti bà á lágbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ún. Màmá gbá ọwọ́ náà dànù.

"Má nu ún! Wá síbí!"

Ó ṣí fèrèsé kí èéfín lè jáde, ó gbá ọmọ rẹ̀ lórí mú, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi ń wẹ̀, ó sì ṣí i gbàà. Ó ń fọ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń fọ ojú tí nǹkan kan ò kàn.

"La ojú. Ṣé ò ń rí mi?"

"Mo ń rí yín. Kí ni yẹn, Màmá?"

"Sódà ni. Sódà ọṣẹ. Èmi ni mo dà á síbẹ̀. Èmi náà ni mo da ọṣẹ tó dí páìpù síbẹ̀ kó tó di pé mo da sódà." Ọ̀rọ̀ náà ń tú jáde bí omi náà. "Gbogbo ẹ̀, èmi ni."

Omi ń ṣàn lórí ọmọ rẹ̀.

"Mo wà lábẹ́ ẹ̀," ló ní. "Ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ sì ń wò mí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀rù ẹ ló bà mí."

"Ẹ̀rù mi? Èmi tẹ́ ẹ bí?"

"Ìwọ tí mo bí."

Àgbọ̀n ọmọ náà ti mọ́, ibi tí ẹ̀kán náà bà nìkan ló pọ́n díẹ̀, Màmá sì ní ó tó, kó dìde. Kò dìde. Màmá rò pé omi ló wọ̀ ọ́ létí, ó bẹ̀rẹ̀ kó wò ó, ìgbà náà ló rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Màmá," ló ní, ojú rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, ohùn náà kì í sì í ṣe ohùn iléèwé. "Ẹ ò ní lọ síbì kankan. Ẹ dákun, ẹ má bẹ̀rù mi mọ́."

Ẹ̀rù kì í kúrò lára èèyàn lọ́jọ́ kan. Màmá na ọwọ́, ó dín omi kù díẹ̀, ó sì ń bá a fọ orí rẹ̀ lọ.