Pátákó Ìyáàfin Adéróunmú

"Mo ní kí wọ́n yọ ọ́! Àbí etí yín di ni, Ìyáàfin Adéróunmú? Fọ́tò alága ẹgbẹ́ òbí ni mo fẹ́ gbé síbẹ̀, kì í ṣe àgùntàn òyìnbó!"

Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ, ọ̀gá ilé ìwé girama kan ní Baṣọ̀run, ń dún lọ bí ààrá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Káfíńtà ti gbé àkàbà ti ògiri, ó di òòlù mú, ó ń wo ẹnu àwọn méjèèjì. Mùtíátù Adéróunmú, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, fẹ̀yìn ti pátákó onígíláàsì náà bí adìyẹ tí àwòdì ń rá bàbà lórí ọmọ rẹ̀.

"Sà, ẹ kúkú yọ èmi náà mọ́ ọn. Ọdún 1998 la wà yìí! Àwọn ọmọ ibòmíràn ń ka nǹkan wọ̀nyí lórí kọ̀ǹpútà nínú ilé wọn. Tiwa ò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Bí mi ò bá gbé e wá bá wọn, ta ni yóò gbé e wá?"

Kò parọ́. Gbogbo Sátidé ló ń wọ takisí láti Agbowó lọ sí Onírèké, sí ọ́fíìsì kan tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn títí láìnì fóònù tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà yóò fi wọlé. Ojú ìwé méjì péré ni yóò tẹ̀ jáde: àwòrán ọkọ̀ kékeré tó rìn lórí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, tàbí ìròyìn àgùntàn tí wọ́n ti ara àgùntàn mìíràn dá láìsí àgbò níbẹ̀. Yóò fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀, yóò kọ àdírẹ́sì ibi tó ti rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí i, kí àwọn ọmọ lè wá a fúnra wọn lọ́jọ́ kan, yóò sì lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn gíláàsì pátákó náà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó lè wí fún nínú yàrá rẹ̀ ní Agbowó pé, "Ẹ wá wo ohun tí mo rí." Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí àwọn ọmọbìnrin bá ṣù bo pátákó yẹn, á gbàgbé pé òun nìkan lòun dá jẹun láti Fúráìdè.

"Kò sẹ́ni tó ń kà á," Ọlálẹ́yẹ ní.

"Ẹ má purọ́ mọ́ àwọn ọmọ mi, sà! Bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn níbẹ̀ láràárọ̀, ṣé àkàrà ni mò ń pín ni?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ọlálẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Ẹ pe ọ̀kan, èyí tó bá wù yín. Bó bá lè sọ ẹyọ ohun kan tó wà níbẹ̀ fún mi, pátákó yín ò ní kúrò títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì."

Mùtíátù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmúdàtù ló pè, ọmọ kíláàsì kẹrin tó máa ń pẹ́ níbẹ̀ jù, tó máa ń sún mọ́ gíláàsì débi pé èémí rẹ̀ á bò ó.

"Àmúdàtù tèmi, fọkàn balẹ̀. Kí lo máa ń wò níbí láràárọ̀? Sọ fún ọ̀gá."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó wo ọ̀gá, ó wo Mùtíátù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Sọ ọ́!"

"Irun wa ni, mà. Ọ̀gá ti gba gbogbo dígí wa lẹ́nu géètì. Gíláàsì yín nìkan ló kù tá a fi ń wojú."