Àlùbọ́sà Keje

Méje. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì téèyàn lè fi rẹ́rìn-ín kó sì kọjá. Ewéko àlùbọ́sà méje nínú àpótí ewéko ayaba, orúkọ Nineth gàdàgbà lára àpótí náà! Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó dára gan-an ni. Àbí kí ni mo sọ? Ṣebí mo sọ pé ọmọ yẹn ò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi tábìlì lé lọ́wọ́ —

Kí n jẹun. Tòtíyà àgbàdo yìí ti tutù. Kí n jẹ oúnjẹ mi, kí n máa wò wọ́n láti abẹ́ igi igbá níbí. Kò kàn mí.

"Mẹ́fà, Nineth! Mẹ́fà nínú àpótí kan ṣoṣo!" Ohùn Ẹnjiníà Lemus ṣì ń dún létí mi, bó ṣe ń jù wọ́n sórí tábìlì, pà, pà, pà. Mẹ́fà, ó ní. Obìnrin tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ mọ nǹkan kà. Òun náà ló sì ní ojú mi ò ríran mọ́. Níwájú gbogbo obìnrin tábìlì, ní oṣù méjì sẹ́yìn: "Doña Rosenda, ẹ ti ṣe olórí tábìlì títí, ẹ jẹ́ kí Nineth ọmọ ẹ̀gbọ́n yín gbà á. Ojú yín ń fẹ́ ìsinmi." Ó tún wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí, kí n má purọ́. Ojú! Ta ní ń fi ojú mọ̀ wọ́n?

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gé igi fún ọ̀nà tuntun, gbogbo ewéko tó ń gbé lára igi, tó ń mu ìrì, tí gbòǹgbò ẹ̀ kì í kan ilẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kó wọn wá. Àwa là ń ṣà wọ́n ní irú-irú kí wọ́n tó lọ so wọ́n mọ́ igi mìíràn lórí òkè. Nínú wọn, èyí tí à ń pè ní ayaba ni òfin ń ṣọ́. Òun nìkan ni wọ́n ń kà fún ìjọba, ẹni tó bá sì fi nǹkan mìíràn kún un, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún nìyẹn. Nineth mọ̀. Ta ni kò mọ̀?

Èmi ló kọ́ ọ. Kò tíì ga ju ìbàdí mi lọ, ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mò ń mú un kiri abẹ́ igi. Eléjò, èyí tí ewé ẹ̀ rí bí ejò, ò le: irú méjì ni, èyí tára ẹ̀ dà bíi pé wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí i yàtọ̀ sí èyí tó ń dán, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ayaba àti àlùbọ́sà... ewé àwọn méjèèjì fẹ̀, àwọn méjèèjì funfun bí eérú. Bí ọ̀dá bá dá, àlùbọ́sà á ká ewé ẹ̀ bí irun tí wọ́n lọ́, wàá mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kó mu omi báyìí, ewé á nà, á jókòó jẹ́ẹ́ bí ayaba. Di ojú ẹ, mo máa ń wí fún un. Ti àtàǹpàkò sí ìdí ẹ̀. Ti ayaba, ewé lórí ewé ni títí dé ìsàlẹ̀. Ti àlùbọ́sà wú, ó ṣófo nínú, èèrà ń gbé ibẹ̀. Á pariwo sí èmi àǹtí ẹ̀: "Tía, ó wú! Ìdí ẹ̀ wú bíi tiyín!" A rẹ́rìn-ín nígbà náà, àwa méjèèjì.

Omi ni. Ọjọ́bọ̀ la rẹ wọ́n sómi, omi ló tàn án. Ó ń kánjú, ó fi ojú ṣà wọ́n, àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ojú ṣáá, ojú ṣáá! Ìdí tí a fi ń ṣe ọwọ́ ìkẹyìn nìyẹn: kí àpótí tó padé, ẹlòmíràn tí kò ṣà á gbọ́dọ̀ di ojú, kó tẹ ìdí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹni tó ṣe ọwọ́ ìkẹyìn lọ́jọ́ náà bá —

Rárá.

"Ta ló ṣe ọwọ́ ìkẹyìn?" Ẹnjiníà bi í. "Èmi ni." Bẹ́ẹ̀ ni Nineth wí, gbogbo wọn gbọ́, kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ìgbéraga. Kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun ṣì ń gbé àpótí wá bá mi. Ìgbéraga ni... kí ló tún lè jẹ́?

Ó ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó ń ká a dáadáa, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ti tán nìyẹn, kò tún ní padà síbí. Lẹ́ẹ̀kan tó kọjá lọ́dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Tía, ẹ má sọ nǹkan kan o. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ọwọ́ yín náà ti ń ṣàárẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Èmi ṣì lè ríṣẹ́ níbòmíràn."

Ọwọ́ mi! Ó ń ṣàánú mi. Inú ń bí mi débi pé ẹ̀wà inú tòtíyà yìí ń korò lẹ́nu mi. Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ mi. Mo di ojú lọ́jọ́ náà, mo tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí mo fò. Àtàǹpàkò mi kan èyí tó wú...

Ó kàn án. Ó dúró lórí ẹ̀. Nineth ń kọrin nídìí omi, àwọn obìnrin ń gbè é bí wọ́n ṣe máa ń gbè fún mi — mo sì dá a padà sáàárín àwọn ayaba. Mo tún mú òmíràn. Mo dá a padà. Ojú mi ló ń fẹ́ ìsinmi, àbí? Kí wọ́n wá rí i.

Ó ń juwọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà. Ó ń ṣe àmì sí mi pé kí n jẹun.

Kí n kà wọ́n. Wọ́n ṣì wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta... mẹ́fà. Mẹ́fà ni. Ẹnjiníà ò ṣì í kà. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wí pé méje, méje, kò sì sẹ́ni tó sọ méje fún mi. Ìkan tó kù wà nísàlẹ̀ àpótí, ní igun, ewé ẹ̀ kan ti ṣẹ́.

Èmi ni mo tì í síbẹ̀.