Ọrùn Adìyẹ Inú Ọbẹ̀ Funfun

Èéfín ilé ìdáná náà kò gòkè. Orí ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ bí ejò tó mọ̀nà, ó ń yí ẹsẹ̀ Wúràọlá ká, síbẹ̀ kò ta á lójú. Ilé ìdáná wọn ní Ifẹ̀wàrà ni. Ó dá a mọ̀ lára ògiri dúdú àti àpótí ìjókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ṣùgbọ́n òrùlé ti lọ, òjò sì ń rọ̀ tí kò tutù. Obìnrin kan kọ̀yìn sí i, ó ń ro ìkòkò.

"Wọlé, Wúrà. Àbí o ti di àlejò?"

Ohùn Màámi ni. Ṣùgbọ́n Màámi ti kú láti ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu, ojú Wúràọlá ni wọ́n sì ṣe da yẹ̀pẹ̀ lé e. Kò wọlé. Ó fara ti òpó ẹnu ọ̀nà, ó ń wò.

Òórùn ọbẹ̀ wá bá a níbẹ̀. Ọbẹ̀ funfun ni, èyí tí Màámi kọ́ nígbà ọmọge, nígbà tó ń dáná fún àwọn òyìnbó awakùsà: adìyẹ tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sì ya ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀wà funfun tó rọ̀ tí kò fọ́, àgbàdo tútù, àlùbọ́sà, ata tí kò tíì pọ́n, omi adìyẹ tó ki. Kò sí epo, kò sí tòmátò. Bàbá a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ọbẹ̀ tó ń rìnhòòhò ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó tì í, àwo nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù.

Ìgbà yẹn ni Wúràọlá rí ọwọ́ tó di ṣíbí mú. Ọwọ́ òsì ni.

Màámi kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi òsì ro ọbẹ̀ nínú ilé wọn: Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì tí Bàbá fẹ́, ẹni tó se gbogbo oúnjẹ tí Màámi jẹ nígbà àìsàn, títí ẹ̀mí fi bọ́. Ẹnu àwọn ará àdúgbò kò sì dákẹ́ lórí rẹ̀. "Orogún tó ń bọ́ orogún! Ẹ sáà máa wò ó." Láti ọjọ́ ìsìnkú ni Wúràọlá kò ti fi ẹnu kan ohunkóhun tó bá ti ìkòkò Ìyá Kékeré jáde. Gààrí àti ẹ̀pà ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Aṣọ ti ń bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

"Ọwọ́ ta lẹ gbé wọ̀?" ló béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O rí i, àbí? Ọwọ́ tó ń dáná fún ọ nílé ni mo yá. Tèmi ti sùn."

"Ṣé oúnjẹ rẹ̀ kọ́ ló pa yín?"

Ṣíbí dúró nínú ìkòkò.

"Oúnjẹ rẹ̀ ni mo fi pẹ́ láyé, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Wúràọlá lára, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́. Ẹni tó bá lè gbé ara ìyá ẹni wọ̀, ṣé ohùn ìyá ẹni ni yóò ṣòro fún un? Ó rántí ohun kan tó jẹ́ ti Màámi nìkan. Bí Màámi bá se adìyẹ, kó tó bù fún ẹnikẹ́ni, á yọ ọrùn rẹ̀, á sì jẹ ẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ bù fún. "Ẹni tó sè é ni kó kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i," ló máa ń wí. Bàbá fúnra rẹ̀ kò tó ẹni tó ń bá a du ọrùn náà.

Wúràọlá ń ṣọ́ ọ. Obìnrin náà bu ọbẹ̀. Ó yọ ọrùn adìyẹ, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹní ń wo ohun tó wù ú, tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ó sì gbé e lé àwo Wúràọlá.

"Jẹun."

"N kò jẹ. Ẹ̀yin kọ́ ni Màámi. Màámi ì bá ti jẹ ọrùn."

Èéfín dúró lórí ilẹ̀. Obìnrin náà yíjú padà nígbẹ̀yìn, àpá kékeré tí epo gbígbóná dá sí ẹ̀gbẹ́ imú Màámi sì wà níbẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Olóríkunkun! O káre. Má jẹ oúnjẹ tí òkú bá bù fún ọ, ì báà jẹ́ èmi. Òkú kì í tọ́ ọbẹ̀ wò fún alààyè. Ẹni tó máa jẹ ọrùn náà lójú rẹ wà nílé. Jí, kó tó tutù."

Ó da àwo náà dé ilẹ̀. Wúràọlá lajú.

Orí ẹní ló wà, níbi tí oorun ọ̀sán ti gbé e lọ. Ọyẹ́ ń mi aṣọ fèrèsé. Ṣùgbọ́n òórùn ọbẹ̀ náà kò lọ, ẹ̀rù sì bà á pé àlá kò tíì tú òun sílẹ̀. Ni Ìyá Kékeré bá wọlé pẹ̀lú àwo tó fi ọmọrí dé.

"Mo rò pé o ṣì ń sùn," ló wí. "Ọbẹ̀ funfun ìyá rẹ ni. Mo mọ̀ pé o ò ní jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn adìyẹ tó fi sílẹ̀, àgbébọ̀ yìí ló kẹ́yìn. Mi ò lè sè é kí n má gbé tìrẹ wá."

Ó gbé e kalẹ̀, ó fẹ́ máa lọ bó ṣe máa ń lọ.

"Ẹ jókòó, mà."

Ìyá Kékeré jókòó. Ó rí bí ọmọ náà ṣe ń wo òun bí ẹní ń ṣọ́ olè. Ó mí kanlẹ̀, ó ṣí àwo, ó sì na ọwọ́ òsì sínú ọbẹ̀. Ọrùn adìyẹ ló mú jáde. Ó jẹ ẹ́ títí egungun fi funfun.

Wúràọlá sún mọ́ ọn. "Ta ló ní kí ẹ máa jẹ ẹ́?"

"Ta ni ì bá jẹ́? Nígbà àìsàn ìyá rẹ, bí mo bá gbé adìyẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ní, 'Jẹ ọrùn rẹ̀ kí n rí ọ.' Mo gbà pé ó ń fura sí mi ni, mo máa ń lọ sunkún lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ kan ló wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Òpè, mo ń kọ́ ọ ni. Ọmọ mi á fura sí ọ jù báyìí lọ.'"

Wúràọlá fa àwo náà mọ́ra. Ẹ̀wà rẹ̀ rọ̀, kò sì fọ́. Ó jẹ, ó jẹ, títí ó fi kan ìsàlẹ̀ àwo.

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀," ló wí, kò gbójú sókè.

"Ẹnu ti yá, ọmọ orogún mi!" Ìyá Kékeré gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ́la, wá fi ọwọ́ ara rẹ bu iyọ̀ sí i."