Ẹnu Mi Ni Wọ́n Fi Gba Oko Ìyá Yvette

Inú ń bí mi, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù. Sùúrù ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ Tógò, ẹ sì wo ibi tó gbé mi dé.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti wá. Èdè Faransé ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì ní ká lọ fi oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Bí mo ṣe bá ara mi ní mérì kan nítòsí Atakpamé nìyẹn. Mérì ni wọ́n ń pe ohun tí àwa ń pè ní kánsù. Didier ni ọ̀gá mi, akọ̀wé àgbà ibẹ̀, ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó bú èèyàn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, fáìlì ni mò ń tò, kọfí ni mò ń pò. Lọ́jọ́ kan ló gbọ́ tí mo kí ìyá àgbà kan ní Yorùbá, tí ìyá náà fi Ifẹ̀, èdè tiwọn tó jọ Yorùbá, dá mi lóhùn, tí a sì gbọ́ra wa yé. Ojú ọ̀gá là.

"Àyọ̀kẹ́, ìwọ lo máa bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ fún wa."

Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òmùgọ̀ èèyàn!

Ó ní kí n sọ fún wọn pé mérì ń wá ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ilé ìwòsàn sí. Kò fún mi ní ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà kà, ó ní ohun kan náà ló wà níbẹ̀. Èmi àti òṣìṣẹ́ mérì kan dé abúlé náà, lọ́nà Datcha, mo sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ dáadáa. Mo tún fi "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" dé e lórí.

Modeste, tíṣà abúlé, na ọwọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ka ìwé náà. Gbogbo agbo pariwo lé e lórí. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá, èmi sì rèé, láti Ifẹ̀.

"Ọmọ ilé ló ń sọ̀rọ̀, kí lo tún fẹ́ kà?" Bàbá Ògúnyẹmí, olórí abúlé, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Jókòó, jàre."

Modeste jókòó.

Ìyá Yvette ló ni oko tí wọ́n fẹ́. Opó ni. Yvette, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, rọbí lóru, orí ọ̀kadà ló kú sí kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ìyá náà wò mí lójú.

"Ọmọ mi, ṣé àwọn tó ń rọbí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ fún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Lọ́jọ́ kẹfà, Didier ní kí n lọ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, pé ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ló máa lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Mo kà á. Kò sí ilé ìwòsàn kankan níbẹ̀. Ààtàn ni! Gbogbo pàǹtí ìlú ni wọ́n fẹ́ máa dà sí oko Ìyá Yvette.

"Ọ̀gá, ilé ìwòsàn lẹ sọ!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ká ní ààtàn la sọ, ta ló máa fún wa ní ilẹ̀? Àti pé èmi kọ́ ni mo bá wọn sọ̀rọ̀, ìwọ ni. Má sì gbàgbé, òǹtẹ̀ mi ni ìwé ìkọ́ṣẹ́ rẹ ń dúró dè."

Ká ní wọn ò kọ́ mi nílé ni, ǹ bá gbá a létí. Mo ti ẹ̀dà ìwé náà bọ àpò, mo gun ọ̀kadà.

Inú oko ni mo bá Ìyá Yvette, ó ń fa ẹ̀gẹ́ tí kò tíì ta tu. Ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn bíríkìlà wá bá igbó. Ìgbà náà ni mo bú sẹ́kún. Mo ṣépè fún Didier ní Yorùbá, mo tún ṣépè fún un ní Faransé. Ìyá náà jẹ́ kí n parí.

"Ta ni Didier?"

"Ọ̀gá mi ni, mà. Òun ló parọ́ fún yín."

"Èmi ò gbọ́ Faransé. N ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu Didier. Ìwọ ni mo fún ní oko mi."

Mo fẹ́ sọ pé wọ́n tan èmi náà jẹ ni. Ìyá náà gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ó yá. Ibi tí o ti sọ ọ́ náà là ń lọ."

Bàbá Ògúnyẹmí ní kí wọ́n pe gbogbo abúlé jọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Modeste ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pariwo lé e lórí. Ó ní ọwọ́ ṣì lè bá a, bí gbogbo abúlé bá lọ kọ̀ ọ́ ní mérì kí ọjọ́ Jímọ̀ọ́ tó pé. Kò sẹ́ni tó dìde. Èmi ni gbogbo wọn ń wò, pé kí n sọ tẹnu mi ná.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé iṣẹ́ ni wọ́n rán mi.

"Lọ́jọ́ yẹn, o ò sọ pé wọ́n rán ọ," Bàbá ní.

Ojú tì mí, inú sì ń bí mi síbẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa fún yín," mo ní.

Ìyá Yvette ní kí n tún un sọ sókè, pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́.