Àká Tí Mo Fi Òfo Bọ́

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wọ ibi iṣẹ́ wa, mo na ọwọ́ sí wọn bí ẹni na ọwọ́ sí àlejò, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Wọ́n ti la ẹnu, oríkì tí wọ́n fi ń pè mí nílé ti dé ètè wọn. Wọ́n gbé e mì. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Màdáámù." Ẹ gbọ́ ná: ọmọ ìyá mi, ẹni tó pọ̀n mí kí n tó mọ ẹsẹ̀ gbé, ló ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Mo sì dúró ṣinṣin, mo gbà á.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ilé iṣẹ́ wa ló ń bá àwọn ilé ìwòsàn tọ́jú àwòrán: àwòrán egungun, àwòrán ọpọlọ, àwòrán ọmọ inú. Inú àwọn ẹ̀rọ gàgàrà kan ni gbogbo rẹ̀ wà, àwa òṣìṣẹ́ sì ń pe ẹ̀rọ náà ní àká. Àká wa àtijọ́, dísíìkì tó ń yí gbirigbiri ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti darúgbó. Dókítà á tẹ orúkọ aláìsàn, á máa wo kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á máa wo òun náà. Ni ọ̀gá wa bá ní ó tó gẹ́ẹ́, à ń ra àká tuntun tó jẹ́ fíláàṣì látòkè délẹ̀, tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú. Ilé iṣẹ́ méjì gbé tiwọn wá kí a fi wọ́n wéra, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Ọ̀gá ní kí èmi dán funfun wò, kí ọkùnrin kan tí a ń pè ní Kílódé dán dúdú wò. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Tí o bá kí i káàárọ̀, á ní kí ló dé.

Òfin tó de ìdánwò náà kò pọ̀. Ẹni tó bá ní ẹbí láàárín àwọn tó ń tà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sì yẹra. Ẹni tó bá fi pamọ́, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó máa lọ sílé. Lẹ́yìn ìyẹn, a kì í fi irinṣẹ́ ẹni tó ń tà dán ọjà rẹ̀ wò. Èmi gan-an ni mo dá àbá òfin kejì yìí, mo sì ń fi halẹ̀ mọ́ gbogbo ayé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ̀lé àká funfun wá. Iṣẹ́ ọjà títà yìí kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wọn, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kógbá wọlé, àwọn ọ̀gá wọn tuntun sì ti sọ fún wọn pé bí èyí kò bá tà, kí wọ́n má padà wá. Wọ́n sọ ọ́ fún mi nílé ìyá wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi mọ ẹ̀rín wọn, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín. Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́ níbi iṣẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ìyá kan náà ló bí wa, àfi tí mo bá sọ. Mi ò sọ.

Ṣé nítorí wọn ni mi ò ṣe sọ? Rárá o. Tí mo bá sọ, ọ̀gá á gba ìdánwò náà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ó sì ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti ń yún mi fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àti pé ojú ń tì mí. Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi tí ẹnikẹ́ni kì í já lu ọ̀rọ̀ wọn nílé wa, àwọn ni wọ́n ń gbé báàgì tẹ̀lé àwọn ọmọ kéékèèké tó jẹ́ ọ̀gá wọn. Kóòtù wọn fún mọ́ wọn lápá. Tí ọ̀gá wa bá bẹ̀rẹ̀ àwàdà, wọn á ti rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó parí. Mo máa ń wojú ilẹ̀ nígbà náà, kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin.

Ọ̀nà tí a ń gbà dán àká fíláàṣì wò rèé: a kọ́kọ́ máa ń bọ́ ọ yó. Nígbà tó bá ṣì ṣófo, kò sí èyí tí kò yára, gbogbo wọn ló ń sáré bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ní ilé ìwé. Ìgbà tó bá kún dẹ́múdẹ́mú, tó ń gbà, tó sì tún ń fúnni, nígbà náà lo máa mọ ẹni tó lágbára. Kílódé ń da àwọn ògbólógbòó àwòrán wa kọ, ó ń fi bọ́ àká dúdú díẹ̀díẹ̀, ó ń mu tíì, ó ń dúró. Èmi kò mọ̀ ọ́n dúró. Inú mi máa ń ru tí omi bá pẹ́ kó tó hó.

Mo ráhùn fún ẹ̀gbọ́n mi nílé ìyá wa pé àká yín ń jẹun díẹ̀díẹ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ìgbà tí mo máa lọ, wọ́n fi irinṣẹ́ kékeré kan tó ń bọ́ àká lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Gba èyí, àbúrò mi. Òun la máa ń lò níbi ìpàtẹ ọjà. Kíá ló ń mú àká kún."

Ṣé mo yẹ inú rẹ̀ wò? Bí ó bá jẹ́ Kílódé ló fún mi ni, mi ò bá ti tú u palẹ̀ bí ẹni tú adìyẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bu òkèlè sí mi lẹ́nu láti kékeré, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa ṣí oúnjẹ rẹ̀ wò? Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ mọ́rí, mo lò ó. Àká funfun kún kí n tó ṣẹ́jú, síbẹ̀ ó ṣì ń sáré bí ẹni tí kò ru ẹrù kankan.

Mo wá fi Kílódé ṣẹ̀sín kiri. Mo ní ṣé ìgbín ni wọ́n gbé wá fún un ni, tí wọ́n kùn ní dúdú. Ó kàn ń wò mí láti orí ife tíì rẹ̀.

Ó ní, "Kí lo fi bọ́ tìẹ?"

Mo ní, "Oúnjẹ." Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì gbádùn rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ tí a máa sọ àbọ̀ ìdánwò, yàrá ìpàdé kún. Àwọn tó ni àká dúdú jókòó sápá kan, àwọn tó ni funfun sápá kejì, ẹ̀gbọ́n mi sì wà ní àga ìparí lẹ́yìn àwọn ọ̀gá wọn méjèèjì. Mo fi èsì hàn lójú ògiri. Funfun fi dúdú sílẹ̀ sẹ́yìn réré. Ọ̀gá wa ń mi orí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi sì gbá wọn léjìká jẹ́jẹ́. Mo rí i bí ara wọn ṣe wálẹ̀, inú mi dùn gan-an.

Kílódé ká ọwọ́ sókè. "Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Kí ni ẹ fi bọ́ ọ?"

Inú bí mi. Mo ní ọkùnrin yìí fẹ́ bà mí lọ́jọ́ jẹ́, ẹ jẹ́ kí n pa á lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ṣí inú àká náà lójú gbogbo wọn, mo fa ohun tí irinṣẹ́ yẹn kó sínú rẹ̀ jáde. Òdo ni. Òdo, òdo, òdo, láti òkè ògiri títí dé ìsàlẹ̀. Mo yí i lọ sí apá mìíràn, òdo ni níbẹ̀ náà.

Àwọn àká tuntun yìí gbọ́n. Tí o bá fún un ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹyọ kan ló máa tọ́jú, á kàn sàmì sí ìkejì. Tí o bá wá fún un ní òfo, kò ní tọ́jú nǹkan kan rárá, á kàn sọ pé òun ti gbọ́. Àpò òfìfo ni mo gbé ru àká funfun, tí mo ní kó bá ẹni tó ru àpò ìrẹsì sáré, tí mo sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ọmọṣẹ́ wa kankan tí kò yẹ kó mọ èyí. Mi ò lè yí ojú kúrò lára ògiri.

Ọ̀gá wa kò pariwo. Wọ́n ní, "Irinṣẹ́ wa kọ́ nìyí. Ta ló fún ọ?"

Kí n tó mí, ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. "Èmi ni, Mà. Mo fi í sáàárín ẹrù àká nígbà tí a gbé e wá. Màdáámù rò pé ara ẹ̀rọ ni. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọn ò sì mọ̀ mí níbì kankan."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì gún, ní, "Ṣé bí ẹ ṣe máa fi jìbìtì bà wá lórúkọ jẹ́ nìyí?" Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má bínú. Wọ́n ní kó má bínú, sà. Mo gbọ́ ọ.

Mo jókòó. Ẹ má tàn mí, mo mọ̀ pé mo lè jókòó síbẹ̀ títí ìpàdé á fi tú, kí n máa jẹ oúnjẹ mi lọ lọ́jọ́ kejì. Kílódé tiẹ̀ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Má dá ara ẹ lóró. Àwọn oníjìbìtì yìí ló gbé e gbà ẹ́ lẹ́yìn." Àánú tí Kílódé ṣe mi yìí ni mi ò lè gbé. Ó ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní oníjìbìtì, ó sì rò pé ó ń ṣe mí lóore.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé ni mo ti mọ̀, èmi ni mi ò sọ. Èmi ni mo sì ráhùn tí wọ́n fi fún mi ní irinṣẹ́ yẹn. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọjà ni wọ́n ń tà. Èmi ló yẹ kí n mọ̀."

Ọ̀gá wa ní kí Kílódé bẹ̀rẹ̀ ìdánwò láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí àká méjèèjì, kí èmi sì lọ palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ká wáyà. Ká sòótọ́, mo rò pé wọ́n máa gbá mi mọ́ra. Mo rò pé mo ti ṣe akin. Wọn ò gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Kí lo sọ ọ́ fún? Mo ti gbé e sọ́rùn tán. Iṣẹ́ tèmi ti bọ́ tẹ́lẹ̀, tìẹ ni mo ní kó kù. Ta ló wá fẹ́ máa tọ́jú ìyá wa báyìí?"

Èmi tí ẹnu mi kì í gbẹ, mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n wọ lífíìtì.

Mo gba àtẹ̀gùn sáré sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí mo dé gbàgede ìsàlẹ̀, ibẹ̀ kún fún àwọn èèyàn wa tó ń ti ibi oúnjẹ ọ̀sán bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Mo pariwo láàárín gbogbo wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró dè mí!"

Wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wojú mi, wọ́n kọ́kọ́ wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wo àwọn tó ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn.